Ìlà tí a Fà sí Àárín: Ìmọ̀ ni tàbí Àbá?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tì í, a ó rí i pé kò kéré rárá. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá mọ ohun tí ó wà níhìn-ín, tí ó sì mọ ohun tí ó wà lọ́hùn-ún, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó sọ ohun tí ó wà láàrin, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé, tí ojú rẹ̀ kò sì tó? Bí ó bá sọ ọ́, ṣé òtítọ́ ni ó sọ ni, tàbí irọ́? Bí ó bá sì dákẹ́, ṣé ìwà ọmọlúàbí ni ó hù, tàbí ìwà ojo?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni èyí. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń ṣe é. Àgbẹ̀ tí ó rí i pé iṣu ta dáradára ní òkè oko rẹ̀ àti ní ìsàlẹ̀ oko rẹ̀ kò ní wú gbogbo ebè àárín kí ó tó sọ pé ọdún náà dára. Onídàájọ́ tí ó gbọ́ pé wọ́n rí ọkùnrin kan ní Ìsọlọ̀ ní aago méjìlá, tí wọ́n sì tún rí i ní Okota ní aago kan, yóò gbà pé ó rin ọ̀nà tí ó wà láàrin méjèèjì kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá ní kí a má sọ ohunkóhun àfi èyí tí ojú wa rí, ọjà kò ní ná, ilé kò ní dúró, ẹjọ́ kò sì ní parí. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rí. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbo, nígbà náà, ni ààlà wà láàrin ẹni tí ó fi ọgbọ́n díwọ̀n àti ẹni tí ó parọ́?

Mo fẹ́ gbé ìbéèrè yìí ka orí iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń ṣe, nítorí pé inú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí kò sinmi. Èèpo ayé pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ ńláńlá wọ̀nyí sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Bí wọ́n ti ń rìn ni wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń fa ara wọn, tí wọ́n sì ń fún òkúta inú wọn pọ̀. Ìfúnpọ̀ yìí kì í dọ́gba ní gbogbo ìhà. Ìhà kan wà tí ó ti le jù, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún ọsàn láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ìhà tí ó le jù yìí ni àwọn onímọ̀ ń wá. Ó wúlò fún ẹni tí ń gbẹ́ kànga epo, kí kànga má baà ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wúlò fún ẹni tí ń la ọ̀nà gba abẹ́ ilẹ̀. Ó sì wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ lè ti mì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìhà náà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó? Àmì ni wọ́n ń kà. Bí ilẹ̀ bá mì, ọ̀nà tí òkúta gbà yẹ̀ a máa fi ìhà ìfúnpọ̀ hàn. Bí a bá sì gbẹ́ kànga jíjìn, ògiri ihò náà, tí ó yẹ kí ó rí roboto, a máa ya ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Ní 1979, Bell àti Gough, tí wọ́n yẹ àwọn kànga epo wò ní Alberta ní ilẹ̀ Kánádà, ṣàlàyé pé kì í ṣe èèṣì ni yíya yìí. Ìfúnpọ̀ ilẹ̀ ni ó fà á, ibi tí ògiri sì ti ya dábùú ìhà tí ìfúnpọ̀ náà ti le jù. Báyìí ni kànga tí wọ́n gbẹ́ nítorí owó ṣe di ẹlẹ́rìí lórí ohun tí kò sí ẹni tí ó bi í.

Ní 1986, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí Mary Lou Zoback ará Amẹ́ríkà ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí kó gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí jọ sínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní World Stress Map. Ilé ìwádìí GFZ tí ó wà ní Potsdam, ní Jámánì, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2016, ẹ̀rí 42,870 ni ó wà níbẹ̀. Nínú ti 2025, wọ́n ti lé ní 100,000. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rí náà kò pín dọ́gba. Níbi tí ilẹ̀ ti ń mì lemọ́lemọ́ àti níbi tí wọ́n ti ń wa epo púpọ̀, wọ́n pọ̀ bí èèrà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n fọ́nká bí ilé Fúlàní nínú ọ̀dàn.

Ẹ wá wo Okota, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ń gba Ago Palace Way kọjá ní ìrọ̀lẹ́, láàrin ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tí ń sun àgbàdo, kò ní ronú pé òkúta kan wà nísàlẹ̀ òun tí nǹkan ń fún pọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tilẹ̀ ní òkúta tí ojú rí. Yanrìn àti amọ̀ ni, àti àbàtà níbi tí ó bá ti sún mọ́ omi. Òkúta líle irú èyí tí ó yọrí sókè ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta ti wọlẹ̀ lọ jìnnà kí ó tó dé Èkó. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, tí ó kó ẹ̀rí tí ó wà ní Ghana, ní Niger Delta àti níbòmíràn jọ, ó lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó fa ìlà kan sí orí Okota gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò sì fà á. Ìlà náà yóò gún, yóò dúdú, yóò sì jọ ìlà tí a wọ̀n lóòótọ́ bí ìbejì ti ń jọ ara wọn. Ǹjẹ́ ẹni tí ó fa ìlà yìí mọ ohun tí ó wà lábẹ́ Okota?

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti dáhùn kí a tó béèrè. Ní 1986 yẹn kan náà, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò pẹ́ títí. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ náà "mọ̀" tọrẹ. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà ṣe lẹ́nu olùkọ́, ìbáà ṣe nínú ìwé, ó gbà á gbọ́ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti la ara rẹ̀ yé wa: ó gba ohun tí ó gbọ́.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìlà orí Okota, ìdájọ́ rẹ̀ le. Ẹni tí ó wo ògiri kànga mọ̀. Ẹni tí ó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹ̀rọ fà sí àárín, kò sí ẹnì kan lábẹ́ ọ̀run tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnì kan tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ṣé kí a pè é ní irọ́ kí a sì pa á rẹ́?

Rárá. Láàrin ìmọ̀ àti irọ́, Yorùbá ní ilé kẹta, àbá sì ni orúkọ rẹ̀. Àbá kì í ṣe ohun ìtìjú. Àbá níí di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ kí a dá a. Ẹni tí ó parọ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó dábàá kò tíì mọ̀, ó sì sọ pé òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìdí rẹ̀ hàn tí òun fi rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: irọ́ kò sí nínú ìlà náà, inú orúkọ tí a bá pè é ni irọ́ ti lè wọlé. Bí a bá fa ìlà náà, tí a ní àbá ni, òótọ́ ni a sọ, kódà bí ilẹ̀ Okota bá já wa ní koro lọ́jọ́ tí a bá gbẹ́ ẹ. Bí a bá sì pè é ní ìmọ̀, irọ́ ni a pa, kódà bí ó bá bọ́ sí i gẹ́ẹ́.

Àmọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àwáwí, kí ó máa sọ ohun tí ó bá wá sí i lẹ́nu, kí ó sì máa ní, "Àbá ni mo dá." Àbá ju àbá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kún àárín jẹ gbèsè mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó lè fò nínú wọn.

Gbèsè kìíní ni kí ó mọ ìwà ohun tí ó ń sọ nípa rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Ìlọrin, tí ó sì ń fẹ́ ní Abẹ́òkúta, a lè sọ láìbẹ̀rù pé ó ń fẹ́ ní Ọ̀yọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni ó bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí baálé ilé kìíní ní àdúgbò kan bá jẹ́ ẹni 40 ọdún, tí baálé ilé kẹta sì jẹ́ ẹni 60 ọdún, ta ni yóò sọ pé dandan ni kí baálé ilé kejì jẹ́ ẹni 50? Ọjọ́ orí kì í ṣàn láti ilé dé ilé. Ìfúnpọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Zoback àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1989 pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, ìhà kan náà ni ó máa ń kọjú sí lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, nítorí pé agbára kan náà tí ń ti awẹ́ ilẹ̀ ni ó ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí ni ó fún àbá wọn ní ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkúta ti là, ìhà náà lè yí. Níbi tí odò ńlá ti kó ẹrọ̀fọ̀ àti yanrìn jọ nípọn sórí amọ̀ tí ń yọ̀, bí ó ti rí ní Niger Delta, ohun tí ó wà lókè lè máa yọ̀ lọ ní tirẹ̀, kí ó má tẹ̀lé òkúta tí ó wà nísàlẹ̀. Kànga tí ó dúró nínú ìpele òkè nìkan lè jẹ́rìí òótọ́ lórí ìpele òkè náà, kí ó má sì mọ nǹkan kan nípa èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Olóòótọ́ ẹlẹ́rìí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ tí a ń gbọ́ ni ó wá jẹ́rìí sí.

Gbèsè kejì ni kí ó wọn ẹlẹ́rìí kí ó tó ka ẹlẹ́rìí. Àwọn tí ń ṣe World Stress Map kò fi gbogbo ẹ̀rí sí ipò kan náà. Èyí tí ó dájú jù ni wọ́n fi sí ipò A, ìyẹn ni pé kò yẹ kí ó ṣì ju dígírì 15 lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ti B jẹ́ 20, ti C jẹ́ 25, ti D jẹ́ 40. Èyí tí ó wà ní ipò E, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí i, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìhà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Bí àwa náà bá lè máa fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ kí a tó tún un sọ, tí a ó máa ní, "Èyí tí mo rí nìyí, èyí tí ọ̀rẹ́ mi rí nìyí, èyí tí wọ́n ń sọ kiri ọjà nìyí," ìjà mélòó ni ìbá ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀?

Gbèsè kẹta ni ó jọ mí lójú jù, nítorí pé àwọn olóòótọ́ ènìyàn ni ó máa ń mú. Òun ni pé kí ìṣirò tí a fi kún àárín bá ohun náà mu. Ẹ jẹ́ kí a ka àríwá sí 0, kí a ka ìlà-oòrùn sí 90, kí a sì ka gúúsù sí 180. Ká ní ẹ̀rí kan wí pé ìfúnpọ̀ kọjú sí 10, ìyẹn ni pé ó yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àríwá sí ìhà ìlà-oòrùn. Ká ní ẹ̀rí kejì wí pé ó kọjú sí 170. Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ ìṣirò yóò ro 10 mọ́ 170, yóò pín in sí méjì, yóò sì rí 90. Yóò fa ìlà rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn, kò sì ní ṣi ìṣirò náà rárá. Síbẹ̀ kò sí irọ́ tí ó tóbi tó èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìhà ìfúnpọ̀ kò ní orí, kò sì ní ìdí. Ó dà bí ọ̀pá tí a fi lélẹ̀, ibi yòówù tí a bá ti dì í mú, ọ̀pá kan náà ni. 170 àti 350 kò yàtọ̀ síra. Ẹ̀rí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé láti àríwá sí gúúsù ni, dígírì 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ìwọ̀n wọn sí 90 gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì tí kò jà, ó sì ti inú rẹ̀ mú ohun tí ẹnìkan nínú wọn kò sọ jáde.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí i rọrùn. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìhà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì: 10 á di 20, 170 á di 340. Lójú ọ̀nà roboto, àárín 20 àti 340 ni 0. Wọ́n á pín 0 sí méjì, yóò sì jẹ́ 0, ìyẹn àríwá. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò àkọ́kọ́ kò jalè, kò gba rìbá. Ohun tí ó ṣẹ̀ ni pé ó fi òṣùwọ̀n àgbàdo wọn aṣọ. Nítorí náà, inú rere nìkan kò tó láti sọ òótọ́. Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò rí gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ kọ́ bí ohun náà ti rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdodo ọkàn rẹ̀ yóò máa bí irọ́.

Lẹ́yìn gbèsè mẹ́ta yìí, ohun kan kù tí ó ṣòro ju gbogbo wọn lọ, òun ni àyè òfìfo. Nínú ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fa ìlà wọ̀nyí, wọ́n á fi òbìrí kan yí ibi tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ká. Bí ẹ̀rí tí ó wà nínú òbìrí náà kò bá tó iye tí wọ́n fi lélẹ̀, tàbí tí àwọn ẹ̀rí náà bá ń ta ko ara wọn kọjá ààlà, wọn kò ní fa ìlà kankan síbẹ̀. Wọ́n á fi àyè náà sílẹ̀ ní funfun. Ó gba ọkàn líle láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé máàpù tí ó ní ihò kì í dùn ún wò, ẹni tí ó sanwó fún un sì lè máa kùn. Funfun yẹn ni "Èmi kò mọ̀", ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lẹ́nu ọ̀mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dákẹ́ títí a ó fi wọn ibi gbogbo, ìyẹn ni kò léwu." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Dídákẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ó fa máàpù bá fi àyè sílẹ̀ ní funfun láìsọ ìdí rẹ̀, ẹni tí ó ń wò ó yóò kà á sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Nàìjíríà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà fún ọdún púpọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í mì. Kí ni ẹ̀rí wọn? Pé kò sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní June 22, 1939, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, tí ilé wó tí ẹ̀mí sì ṣòfò níbẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó, bẹ́ẹ̀ Accra jìnnà sí wa tó nǹkan bí 400 kìlómítà. Ní July 28, 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Ìjẹ̀bú-Òde kò sì tó 100 kìlómítà sí Okota. Ní September 11, 2009, ó tún mì ní ilẹ̀ Benin, àwọn ará Abẹ́òkúta sì mọ̀ ọ́n lára. Ní September 2018, ó kan Mpape ní Àbújá.

N kò ka nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mímì tí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa kò wó ìlú. Mo kà wọ́n kí a lè rí i pé "a kò tíì wọ̀n ọ́n" àti "kò sí níbẹ̀" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Lónìí a ní ilé ìwádìí tí ń ṣọ́ ilẹ̀ ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi, pẹ̀lú àwọn ibi tí a gbé ẹ̀rọ sí ní Ilé-Ifẹ̀, Nsukka, Kàdúná àti níbòmíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fi àwọ̀n kan odò kò gbọdọ̀ jẹ́rìí pé odò náà kò ní ẹja.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì pin sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Ní Okota àti àyíká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi yanrìn kún ọ̀pọ̀ àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé, ìlà àárín ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ká ní ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún ti ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá yanrìn tí ó le. Ti apá òsì náà bá yanrìn tí ó le. Bíríkìlà á ní, "Ọ̀gá, kí la tún ń yẹ̀ wò? Yanrìn ni tiyín náà." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú omi àtijọ́ tí wọ́n dí lè gba àárín ilẹ̀ méjèèjì kọjá, kí ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ má fẹ̀ ju pápá kan lọ. Ìfúnpọ̀ òkúta lè rìn ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó má yí padà. Amọ̀ àbàtà lè yí padà láàrin ẹsẹ̀ ogún. Ẹni tí ó bá lo ìgboyà tí ó yẹ fún ti àkọ́kọ́ lórí èkejì, kì í ṣe owó ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀mí àwọn tí yóò háyà yàrá níbẹ̀ ni ó fi ta á, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jíròrò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ènìyàn jù kò jìnnà sí Okota. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, January 27, 2002, iná ran ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí bú. Ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́ ní ibi jíjìn, àwọn ènìyàn sì ń sá lọ nínú òkùnkùn láìmọ ohun tí ń lé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá gba Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ wà níwájú wọn ní òdìkejì; ewéko tí ń léfòó sì bo omi kánáàlì tí ó wà láàrin. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni ń gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó ṣègbé lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn nínú omi náà, tí ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti mọ ohun ìrántí sí Òkè-Àfá fún wọn.

Ta ni yóò dá àwọn wọ̀nyẹn lẹ́bi? Kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní òru tí kì í kún àárín. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí ikú ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kò lè dúró kí ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n." Nítorí èyí gan-an ni gbèsè fi wà lọ́rùn ẹni tí ó ní ààyè, tí ó ní ojúmọmọ àti ohun ìwọ̀n lọ́wọ́. Ìgbà tí kò sí ewu ni ó yẹ kí ó lọ yẹ àárín wò, kí ó sì ri àmì mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti parí. Ẹni tí ó sá kò jẹ̀bi; ẹni tí ó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ewéko máa bò ó, òun ni ó ní ẹjọ́ láti rò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fi ìlà fífà ṣe iṣẹ́ jẹ. Ẹnjiníà yóò fà á sí abẹ́ ilé, dókítà yóò fà á láàrin àmì àìsàn méjì, adájọ́ yóò fà á láàrin ẹ̀rí méjì, akọ̀tàn yóò fà á láàrin ọdún tí ìwé wà àti ọdún tí ìwé ti jóná. Kí a má ṣe bẹ̀rù láti fà á, nítorí ayé kò lè dúró dè wá títí a ó fi gbẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìlà tí a wọ̀n dúdú, kí èyí tí a dábàá rẹ̀ jẹ́ ìlà onítótó, kí ibi tí a kò mọ̀ wà ní funfun, kí a sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè kà pé: A kò tíì dé ibí yìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àbá tí ó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ kò ní ìdí láti sá. Nígbà tí òtítọ́ bá dé, yóò dìde fún un, yóò sì fún un ní àga.